Bí ọlọ́pàá bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín: láti ẹ̀yìn ìwé òṣùwọ̀n aránṣọ kan

Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ó ti lé ní 20 ọdún. Lọ́dún tó kọjá, mi ò rí aṣọ oníbàárà kan rán tán kí ọjọ́ ìnáwó rẹ̀ tó pé. Léèsì aláwọ̀ búlúù ni, yáàdì márùn-ún. Ẹni tó bá ń lo iná NEPA ládùúgbò wa mọ ohun tó fà á. Inú bí obìnrin náà, ó sì yẹ kó bí i. Ṣùgbọ́n dípò kó wá bú mi, ọlọ́pàá méjì ló kó wá ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti lọ ra láínìn ní Gbági. Ni wọ́n bá mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 19, wọ́n ní bí ọ̀gá rẹ̀ bá dé, kó wá gbà á ní tẹ́ṣàn.

Àbúrò ọkọ mi ló gbà wá. Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí obìnrin ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, akọ̀wé lọ́yà sì ni lóòótọ́, nítòsí kọ́ọ̀tù Ìyágankú. Ohun tó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ejìká àti ìbàdí àwọn oníbàárà. Mò ń dà á kọ fún ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ sílẹ̀, ẹnu ni kí ẹ lò. Ọlọ́pàá lágbára láti mú èèyàn láìmú wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù, dání: bí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣẹ̀ sófin, bí ohun gidi kan bá wà tó jẹ́ kí wọ́n fura pé ó hùwà ọ̀daràn, bí wọ́n bá bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí bó bá ń dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá wá ń bá wọn fa ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ti fún wọn ní ẹ̀sùn tí wọn ò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Dandan ni kí wọ́n sọ ọ́. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ọdún 1999 tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kí wákàtí 24 tó pé, ní èdè tó yé yín. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló yé yín, kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́.

Ìdáhùn wọn ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Tiwa ni pé: "Ó gba iṣẹ́, kò ṣe é." Akọ̀wé ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti fọ́. Gbèsè, àdéhùn tó yẹ̀, owó ilé tí kò tíì pé, aṣọ tí kò tíì tán, kò sí èyí tó tó mú èèyàn sí. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ bẹ́ẹ̀, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015 tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA náà sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀tù ni kí oníbàárà gbà lọ bó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí bojú o! Aránṣọ tó gba léèsì aláṣọ tó lọ tà á, olè ni, kò sí òfin tó bò ó.

Ti ọmọ tí wọ́n mú nítorí mi ló dùn mí jù. Abala 7 nínú ACJA kò gbà kí wọ́n mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá, Òfin Ọlọ́pàá náà kò sì gbà á: kì í ṣe ìyàwó dípò ọkọ, kì í ṣe ìyá dípò ọmọ, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ dípò ọ̀gá. Nígbà tí Akọ̀wé sọ ọ́ ní kántà, èyí tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A ò mú un, a kàn pè é wá ni." Akọ̀wé ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹni tí wọ́n pè lè padà sílé. Ìwọ ọmọ yìí, dìde ká máa lọ." Ẹ̀rín tán lójú ọkùnrin náà. Kò jẹ́ kó lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Akọ̀wé bá fa bírò yọ. Ó kọ orúkọ tó wà láyà wọn, nọ́ńbà wọn, àti aago tí wọ́n mú ọmọ náà: 4:10 ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fi aago ṣeré rárá. Bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n dá èèyàn dúró sí, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé e débẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, tẹ́ṣàn wo ló fẹ́ sọ pé kọ́ọ̀tù jìnnà? Bó bá ju 40 lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. Ẹ̀sùn tó lè gba ẹ̀mí èèyàn, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fẹ́ràn láti mú èèyàn ní Jímọ̀: kó lè sùn síbẹ̀ di Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tẹ́ṣàn kò nílò adájọ́ kó tó fún afurasí ní béèlì. Bí kò bá fún un títí wákàtí 24 fi kọjá, lọ́yà lè lọ bá kọ́ọ̀tù.

Béèlì náà nìyẹn. Lára ògiri lẹ́yìn kántà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti ní ká mú 20,000 náírà wá! Mo ní èmi ni máa dúró fún un, wọ́n ní obìnrin kì í dúró, kí n lọ mú ọkùnrin wá. Irọ́ ni. ACJA ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ní ti sítétímẹ̀ǹtì: ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà, tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn, bá sọ̀rọ̀. Ẹ ò lówó lọ́yà? Ẹ ní kí wọ́n pe Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí a dé, ẹnìkan ti ń fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi, ó ní kó ṣáà fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó kà á sí i létí kó yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà.

Fóònù àti owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà kan. Obìnrin ló yẹ kó tú ara obìnrin wò. Ẹ̀sùn "ò ń rìn kiri lóru" tí wọ́n ń fi kó àwọn ọmọ wa, wọ́n ti pa á rẹ́ láti ọdún 1989.

Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lọ́nà àìtọ́ lè gba kọ́ọ̀tù gíga lọ, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ìwé òfin 1999 yẹn náà ló sọ ọ́. Èmi ò lọ, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Aago 8:40 alẹ́ ni wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, a ò san kọ́bọ̀. Mo parí léèsì náà ní ìdájí Sọ́ńdè. Obìnrin náà wá gbé e, ó wò ó, ó ní ó bá òun mu, ó ní òun á fi ìyókù owó iṣẹ́ ránṣẹ́. 3,500 náírà ni. Ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ di òní. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò pe ọlọ́pàá.