Bí Mo Ṣe Fi Gáàsì Àtijọ́ Wo Àfòpiná ní Kent

Àtùpà Tilley alápọ́ǹpù ni mo lò, irú gáàsì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ lóde ìnáwó àti lọ́jà alẹ́ nílé kí jẹnẹrétọ̀ tó gbòde. Níbí ní ìlú ọba náà, àwọn tó ń wá àfòpiná lò ó dáadáa kí iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní mercury vapour tó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ìyẹn ń pe kòkòrò jọ ju gáàsì lọ, torí ìtànṣán ultraviolet, tí ojú èèyàn ò lè rí, pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pọ̀ ni mo ń wá. Mo fẹ́ jókòó ti ẹyọ kan kí n wò ó tẹ́rùn, gáàsì sì dẹ̀ lójú ju iná mercury vapour lọ.

Oṣù Keje ni, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ooru mú, ewé ò mì. Òṣùpá àti afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí àfòpiná wá. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbí nígbà ooru, ó máa ń lé ní aago mẹ́wàá, nítorí náà mo ti fi ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ múra sílẹ̀.

Títàn rẹ̀ niṣẹ́ wà. Mo rọ kẹrosíìnì sínú rẹ̀, mi ò jẹ́ kó kún dẹ́nu, torí afẹ́fẹ́ tí pọ́ǹpù ń tì wọlé ń fẹ́ àyè. Mo so mantle tuntun mọ́ ọn, ìyẹn àpò aṣọ kékeré tó máa ń tàn. Mo rẹ òwú inú kílíìpù sínú sípíríìtì, mo fi há ọrùn páìpù lábẹ́ mantle, mo ṣáná sí i. Iná yẹn ló ń mú páìpù gbóná kí kẹrosíìnì lè di oru bó bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá kánjú, epo tútù ni yóò tú jáde, iná pupa á sì ru sókè. Nígbà tí sípíríìtì fẹ́ jó tán, mo ṣí epo, mo fa pọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Mantle dúdú, ó súnkì, ó wá tàn funfun gbòò, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣììì. Láti ìgbà yẹn lọ, eérú lásán ni mantle, ìka ò gbọdọ̀ kàn án. Ìta gbangba nìkan ni kí ẹ ti tàn án o.

Mo ta aṣọ ìbùsùn funfun sórí okùn, mo gbé gáàsì síwájú rẹ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká, torí orí rẹ̀ gbóná débi tó lè jó wọn lápá.

Àfòpiná kan tí wọ́n ń pè ní Buff-tip bà sára aṣọ, ó ká apá mọ́ra, ó dà bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́. Irú mìíràn, Elephant Hawk-moth, ló tẹ̀ lé e, píǹkì àti àwọ̀ ewé tó ń gbẹ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Almut Kelber àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2002 pé èyí ń dá àwọ̀ mọ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, níbi tí ojú tiwa ti ń rí dúdú àti funfun nìkan.

Wọ́n ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Mo wò wọ́n títí, mi ò rí ìjà. Ìwádìí tí Samuel Fabian àtàwọn mìíràn gbé jáde ní 2024 sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí ìmọ́lẹ̀: lálẹ́, ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, òun ni wọ́n fi ń mọ òkè. Bí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á dẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa yí po. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn: ọ̀kan fò gba òkè gáàsì kọjá, ó dojú dé, ó já bọ́ sínú koríko.

Ohun tó ń dà wọ́n lójú rú ni mo tàn yìí, kò sì yẹ kó pẹ́ lórí wọn. Mo tú afẹ́fẹ́ inú gáàsì jáde, ó kú. Mo gbọn aṣọ jẹ́jẹ́ sínú igbó kékeré tó jìnnà díẹ̀, torí ẹyẹ máa ń mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná, wọ́n á sì wá ṣà wọ́n jẹ láàárọ̀.