Bí káńsù ṣe ń ya ojú àgbàrá àti ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ kí ilé tó dé

Tí títì márosẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kékeré kọjá, tàbí tí wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá síbẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ èṣí lè di pọ́lọ́ọ̀tì kí ọdún tó yípo. Káńsù tó bá ń dúró de owó ọ̀dà kó tó ṣètò, ilé ni yóò bá lójú ọ̀nà. Ọ̀dà, iná àti gọ́tà lè dé lẹ́yìn ogún ọdún, kò burú. Àyè tí wọn yóò gbà ni kò ṣeé wá lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró, àfi kí ẹ wó ilé onílé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára yín dé. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 gbà kí ìjọba ìbílẹ̀ fúnni ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ níbi tí gómìnà kò bá tíì kéde pé ó jẹ́ ìgboro. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sí ìkáwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí táùn-pílánì ìpínlẹ̀ wà níjòókòó láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú dúrọ́ọ̀ ni layout yín, ìyẹn àwòrán bí ẹ ṣe pín ilẹ̀ sí ọ̀nà àti pọ́lọ́ọ̀tì, yóò sùn.

Ẹ ṣírò ilẹ̀

Ìkànìyàn tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni, ó ti pẹ́ jù láti gbára lé. Ẹ ka òrùlé lórí àwòrán sátẹ́láìtì, kí àwọn wolé-wolé sì wọ ọgọ́rùn-ún ilé káàkiri àdúgbò láti mọ iye ìdílé tó ń gbé ilé kan. Ká ní ìlú yín jẹ́ 20,000 ènìyàn, tó sì ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún, yóò di bíi 36,000 lẹ́yìn ogún ọdún. 16,000 tó lé yẹn, tí ẹ bá ka ènìyàn márùn-ún sí ìdílé kan, ìdílé 3,200 ni. Bí ìdílé méjì bá ń gbé pọ́lọ́ọ̀tì kan, pọ́lọ́ọ̀tì 1,600 ni wọn yóò gbà. Ní mítà 15 sí 30, hẹ́kítà 72 nìyẹn. Ẹ wá ka ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilẹ̀ mọ́ ọ̀nà, ilé-ìwé, ọjà àti ojú omi: ó di bíi hẹ́kítà 111.

Ojú omi ṣáájú ojú ọ̀nà

Ẹ má yàwòrán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ bàtà òjò ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ tọ ibi tí àgbàrá ń gbà, kí ẹ kan èèkàn mọ́ ibi tí omi ga dé. Kí ẹ fi mítà 15 sílẹ̀, ó kéré tán, ní ẹ̀gbẹ́ odò kéékèèké méjèèjì. Tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá béèrè jù bẹ́ẹ̀, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ojú Ìbàdàn rí i ní 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà omíyalé Ògùnpa, ó sì tún rí i ní 26 oṣù kẹjọ 2011. Ilẹ̀ ojú omi tí ẹ bá fi sílẹ̀ lásán, ẹnìkan yóò tà á. Ẹ sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù tàbí ọgbà ẹ̀fọ́ kí ó lè ní olùṣọ́.

Ọ̀nà kékeré kò gbọdọ̀ dín ní mítà 9: mítà 6 fún ọkọ̀, mítà kan ààbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì fún gọ́tà, òpó iná àti páìpù omi. Ọ̀nà àárín, mítà 12. Ọ̀nà ńlá tí bọ́ọ̀sì yóò gbà, 18. Ti títì ìjọba àpapọ̀, mítà 45.72 ni ẹ ó fi sílẹ̀ láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà oko àtijọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí ibẹ̀ ni ààlà ẹbí sábà máa ń wà. Àmọ́ tí ọ̀nà oko bá sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ láti orí òkè, ẹ yà kúrò. Ọ̀nà tó tọ ìsàlẹ̀ tààrà, òjò méjì péré ló máa fi sọ ọ́ di kòtò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀nà kéékèèké dábùú òkè.

Kàǹga àti sọ́kàwéè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ layout ti ń bàjẹ́. Ìlànà ìmọ́tótó ni pé kí kàǹga jìnnà sí ṣalángá tàbí sọ́kàwéè tó mítà 30, bẹ́ẹ̀ gígùn pọ́lọ́ọ̀tì kan kò ju mítà 30 lọ. Onílé kan kò lè dá a ṣe. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Kí kàǹga gbogbo ilé wà níwájú, kí sọ́kàwéè wà lẹ́yìn, kí ẹ̀yìn pọ́lọ́ọ̀tì sì kan ẹ̀yìn pọ́lọ́ọ̀tì. Èyí ń fúnni ní nǹkan bíi mítà 25. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn jìnnà sí kí kàǹga yín kan sọ́kàwéè aládùúgbò. Kànga-ẹ̀rọ kan fún gbogbo òpópónà ló dára jù. Àwọn tó ń gbé sọ́kàwéè síwájú, nítorí ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé kan kí rọ́bà tí ọkọ̀ náà fi ń fa ìdọ̀tí lè gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹbí onílẹ̀

Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Bí wọ́n bá gé e ní 50 sí 100, ó ń mú pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́jọ wá, kò sì sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ mọ ìṣirò yẹn dáadáa. Tí ẹ bá lọ gbé ilé-ìwé àti ọjà lé ilẹ̀ ẹbí kan ṣoṣo, wọn yóò tà á lóru. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí fi ìdá kan náà sílẹ̀. Ká ní ẹbí mẹ́ta mú éékà 40, 25 àti 15 wá, tí kálukú fi ìdá 35 sílẹ̀: éékà 28 ni ti ìlú. Ẹbí kẹta ní éékà 9.75 láti gbà padà, ìyẹn pọ́lọ́ọ̀tì 84. Bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ tiwọn, ẹ fún wọn ní pọ́lọ́ọ̀tì tó kù lápá àwọn tó kù. Kí mọ́gàjí ẹbí kọ̀ọ̀kan àti obìnrin kan láti inú ẹbí náà fọwọ́ sí i níwájú Ọba tàbí baálẹ̀. Mọ́gàjí nìkan kò tó. Tó bá kú, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Láàárín oṣù kan tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ rì pílà mọ́ gbogbo igun ọ̀nà: kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 75, kí 60 wọlẹ̀. Ẹ gbin pèrègún tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó bá fa pílà tu lóru kì í rántí pèrègún. Kí gírédà gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan, bí kò tilẹ̀ sí òkúta kankan lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ ṣòroó tà.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó bá ń gba oṣù mẹ́fà, ẹ ti sọ fún onílé pé kó fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́lé ni. Ẹ gbé iye owó àti iye ọjọ́ sójú pátákó. Kí wolé-wolé sì dé ibi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ta okùn ìpìlẹ̀, kí simẹ́ńtì tó wọlẹ̀, kó fa téèpù láti pílà ọ̀nà, láti kàǹga, àti láti ààlà aládùúgbò. X pupa lára ilé tó ti dé ìtẹ́ fèrèsé, ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá ni.