Bí mo ṣe ya máàpù ewu bird flu fún àwọn ilé adìẹ wa n'Ílọrin

₦60,000 ni mo san fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní òun mọ máàpù yà. Nígbà tó gbé iṣẹ́ dé, ilé adìẹ 17 tí a kọ fún un, apá etíkun Calabar ni gbogbo wọn wà. Mo bi í pé ṣé Ìlọrin nìyí. Ó ní bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn. Owó kíréètì ẹyin bíi mẹ́wàá!

Ọyẹ́ tó kọjá ló fà á. Adìẹ ẹnìkan kú lójijì lọ́nà Àjàṣẹ́, ariwo bird flu gba ọjà kan. Láti 2006 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna, kò sí olósìn tí orúkọ yẹn kì í dẹ́rù bà. Èmi náà ta léyà (adìẹ tó ń yé ẹyin) 300 ní ìdajì owó. Àyẹ̀wò dé, lùkúlùkú (Newcastle) ni, kì í ṣe bird flu. Ká ní a mọ ibi tí ewu sún mọ́, ǹ bá má tà wọ́n.

Mo bá jókòó ti QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, fúnra mi. Ọ̀fẹ́ ni, gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà kò le. Ibi nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà láyé ni mo ti jìyà. Ti Ìlọrin jẹ́ bíi 8.5 sí àríwá (latitude) àti 4.5 sí ìlà-oòrùn (longitude). Fóònù máa ń kọ 8.5 ṣáájú 4.5, ṣùgbọ́n 4.5 ni QGIS ń fẹ́ ní X, 8.5 ní Y. Ẹni tó bá gbé wọn sípò ara wọn, Calabar ló ń lọ. Mo tún un ṣe, inú mi dùn, àfi bí ilé adìẹ Alhaja kan ṣe wà nínú igbó, ní bíi kìlómítà 21 sí ilé rẹ̀. Òru méjì gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀! 8°29′ ni Alhaja kọ, 8.29 ni mo tẹ̀. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú díígírì kan, 8.483 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Omi ìdídò Asa hàn ketekete nínú àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n mítà 10 ni ojú àmì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kànga ẹja ẹ̀yìn ilé Alhaja kò hàn rárá. Mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láàárọ̀: lékèélékèé mẹ́fà wà létí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọmọ Alhaja ti ń pọn omi sí dírínkà tí adìẹ fi ń mu omi, ìyẹ́ funfun kan sì léfòó nínú ọ̀kan. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó ní àrùn náà ló ń kó o sómi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fi kànga náà sórí máàpù, mo sì ń fi í yangàn.

Ohun tí ǹ bá kọ́kọ́ yà ni ọ̀nà tí kíréètì ń gbà. Ìlà wọn, láti oko sí ọjà Gánmọ àti padà, ló pọ̀ jù lórí máàpù mi, kíréètì kan náà ń wọ oko mẹ́rin, ìgbẹ́ gbígbẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kíréètì ọjà kò wọ ọgbà mi mọ́. Ẹnu géètì ni mo ti ń to ẹyin sínú ti oníbàárà.