Kílíà Tó Ṣá àti Kílíà Tó Bó: Bí A Ṣe Ń Tún Ojú Ọkọ̀ Ṣe Nílé

Lára ọkọ̀ tòkùnbọ̀ tó ti pẹ́, irú Corolla 2003 sí 2008 tó kún ojú títì wa, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti orí búùtù ni wàhálà ojú ọkọ̀ tó ń ṣá tàbí tó ń bó ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan náà, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa dán. Ọ̀dà aláwọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń kú, kílíà orí rẹ̀ ni, ìyẹn ìpele òkè tó ń dán. Kílíà yìí kò láwọ̀, kò sì nípọn: nǹkan bí 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn bí ìdajì bébà tí a fi ń tẹ̀wé. Èròjà tó ń gba ìtànṣán oòrùn dúró wà nínú rẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń tán. Bó bá tán, ojú kílíà á ṣá, á là wẹ́wẹ́, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sì ṣí i kúrò lára ọ̀dà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ̀ bóyá ó ṣá ni àbí ó bó. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ da omi sí i. Bó bá ń dán nígbà tó tutù, tó sì gbẹ tán tó tún ṣe bí ẹni fi eérú pa á, ó ṣá ni. Bó bá ní etí funfun tí èékánná ń kọ́, tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, ó ti bó nìyẹn, kò sì sí pọ́líìṣì tó lè dá ohun tó ti bọ́ sọnù padà. Ìgò kéékèèké tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí wọ́n á fi pa igun ọkọ̀ yín kan kó máa kọ mànà, òróró ló pọ̀ nínú rẹ̀. Òjò méjì péré ló máa fọ̀ ọ́ lọ.

Èyí tó ṣá rọrùn. Ẹ fi ọṣẹ ìfọwo olómi fọ ọ́ kí ọ̀rá àti wáàsì àtijọ́ lè kúrò. Ẹ fi pépà tépù bo rọ́bà, ike àti gbogbo etí tó ṣẹ́po, nítorí etí ni kílíà ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ rẹ sáńpépà 2000 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń kúnná tó) sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wé e mọ́ fóòmù líle. Ẹ má fi ìka lásán gbo ó, ìka á gbẹ́ poro síbẹ̀. Ẹ gbo ó lọ gbọọrọ, lẹ́lẹ́. Bí omi tó ń ṣàn bá funfun bíi wàrà, kílíà lẹ ń gbo. Bó bá ti ní àwọ̀ ọkọ̀ nínú, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀: ẹ ti dé ọ̀dà. (Tó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọ̀ ti ń jáde, ọkọ̀ yín lè jẹ́ irú èyí tí kò ní kílíà rárá, iṣẹ́ kan náà ni, ẹ kàn rọra.) Ẹ fi 3000 tẹ̀ lé e títí gbogbo ojú á fi ṣú dọ́gba.

Rọ́bìn kọ́ńpáǹdì, ìyẹn ọṣẹ ìgbo-ojú-ọkọ̀-dán, ló kàn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ, ẹ fi í sí bí ìyípo 1,200 sí 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa ṣe ìwọ̀nba 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó dúró sójú kan, á jó ọ̀dà. Ọwọ́ náà lè ṣe é, àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan á gbà yín ní ìdajì ọjọ́. Pọ́líìṣì kíkúnná, lẹ́yìn náà wáàsì, ó parí. Ẹ má sọ gbígbo di ọdọọdún o. Inú ìwọ̀nba kílíà tó kù lẹ ti ń jẹ.

Èyí tó bó ni iṣẹ́ gidi. Odindi páńẹ́lì, irú bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí òrùlé lódindi, ni kí ẹ mú, títí dé etí rẹ̀. Bí ẹ bá fín kílíà sí àárín nìkan, ibi tí tuntun ti pàdé ti àtijọ́ á hàn bí ìlà, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ṣí. Fún òrùlé Corolla, ọ̀já rọ́bà dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ààlà yín. Ẹ fi sáńpépà 320 gbo gbogbo ohun tó ń ṣí kúrò, kí ẹ gbo etí rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ yín kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá lo 400, kí ẹ fi 600 olómi gbo gbogbo páńẹ́lì. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń kánjú níbí: wọ́n á fín kílíà lé etí tó ṣì ga, bó bá sì gbẹ tán, ẹ ó rí àmì ríbíríbí lábẹ́ dídán.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ sílífà tàbí mẹ́tálíìkì mìíràn, ẹ má fín kílíà nìkan lé ọ̀dà tí sáńpépà ti kàn. Sáńpépà ti gé àwọn èérún irin tó ń tàn nínú rẹ̀, ibẹ̀ á sì dúdú bí àbàwọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ fín ọ̀dà tuntun ṣáájú. Nọ́ńbà àwọ̀ Toyota wà lára àlẹ̀mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, lẹ́yìn C/TR. 1F7, fún àpẹẹrẹ, sílífà ni. Ẹ mú nọ́ńbà náà àti ìdérí ojú táńkì epo lọ bá ẹni tó ń po ọ̀dà, torí àwọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ti yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Fún bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé, lítà kan ọ̀dà tí a ti fi tínà pò, lítà kan kílíà àti ìdajì lítà hádínà (èyí tó ń mú kílíà le) á tó, á sì ṣẹ́kù. Ibi tí irin bá ti hàn, ẹ gbo ìpẹtà kúrò, kí ẹ fín práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀), kí ẹ fi 600 gbo ó.

Ẹ fi omi ìnu-ọ̀rá nu páńẹ́lì, ẹ má lo bẹntiróòlù, kó má fi ọ̀rá sílẹ̀. Ẹ fín ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí gọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń fín ọ̀dà jìnnà sí páńẹ́lì ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín wọn. Ọ̀dà yìí kò ní dán. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má torí ẹ̀ dà á lé ara wọn. Ẹ wá po kílíà méjì mọ́ hádínà kan, àfi bí agolo bá sọ òmíràn. Ẹ po ìwọ̀n tí ẹ máa lò ní wákàtí kan, ooru tiwa ń mú un dì kíákíá. Ẹ̀ẹ̀kíní kó fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kan èyí tó ta sára tépù: bó bá lẹ̀ mọ́ ìka tí kò fà bí okùn, ẹ fín ẹlẹ́ẹ̀kejì kó rin dáadáa.

Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí a so mọ́ imú àti ìbòmú ilé ìwòsàn kò lè dá a dúró. Ìbòmú oníkátíríìjì èédú, gíláàsì àti ìbọ̀wọ́ ni, kí ọmọdé àti iná jìnnà. Kílíà inú agolo afọwọ́tẹ̀ tí kò ní hádínà kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ epo tó bá ta sí i lójú táńkì á yọ́ ọ.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ẹ da omi sílẹ̀ kí ẹ tó fín. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kílíà funfun bíi kùrukùru, ẹ dúró de ọjọ́ tó gbẹ. Bí irin bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lórí ẹ̀, ẹ má fín nǹkan kan.

Bí ihò róbótó bá yọ, ọ̀rá tàbí pọ́líìṣì táyà ló wà níbẹ̀. Èyí tó rú bí ìhó kéékèèké, ẹ kò fún ẹ̀ẹ̀kíní láyè kó gbẹ ni. Èyí tó ṣàn wálẹ̀, ẹ má nù ún nígbà tó tutù. Ẹ jẹ́ kó lo wákàtí 24 ó kéré tán, kí ẹ fi 1500 gbo ó, lẹ́yìn náà 2000, kọ́ńpáǹdì á sì dá dídán padà. Ojú tó rí bí èèpo ọsàn, bákan náà ni. Wáàsì ní tirẹ̀, ẹ dúró ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó fi kàn án, tínà tó kù nísàlẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà jáde.