Bí a ṣe ń wọ yàrá àdádó inú kọ̀ǹpútà láti ojú ìlà àṣẹ: ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti onílé ní Iléṣà

Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó bá gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé ń fi bírò kọ, tó sì kó o sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tó ń já lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn lórí kì í kéré: ìwọ̀n kòkó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé wá, owó àjẹṣẹ́kù, gbèsè àti èlé orí rẹ̀, àti nígbà mìíràn iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń lò ó nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kì í da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ó máa ń pín kọ̀ǹpútà náà sí yàrá àdádó, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, ètò tirẹ̀ àti orúkọ àwọn òǹlò tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá dàrú nínú ọ̀kan, èkejì á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìwé yìí wà fún akọ̀wé, akápò tàbí ọmọ ilé tí wọ́n fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, tó sì ní láti wọ àwọn yàrá wọ̀nyí láti ojú ìlà àṣẹ, níbi tí kò ti sí àwòrán tí à ń tẹ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń kọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ẹ mọ yàrá tí ẹ wà kí ẹ tó tẹ àṣẹ kankan, kí ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ wọlé, nítorí ọ̀nà ìwọlé kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń jáde ni ẹ ó ṣe pa iṣẹ́ inú yàrá náà.

Irú yàrá tí à ń sọ

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1979 ni àṣẹ chroot ti wà nínú Unix (ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà), tó ń jẹ́ kí ètò kan rí àpótí fáìlì kan ṣoṣo bí ẹni pé òun ni gbogbo ayé, àmọ́ kò bo àwọn iṣẹ́ tó kù tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn lójú. Ní ọdún 2000, FreeBSD, ètò àgbà mìíràn nínú ẹbí Unix, mú jail jáde, tó fi odi sí àárín iṣẹ́ àti iṣẹ́, àti sí àárín àwọn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wọn pẹ̀lú. Docker, ètò tó ń dá irú yàrá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí, dé ní ọdún 2013.

Gbogbo àwọn yàrá wọ̀nyí ló ń lo kernel kan náà, ìyẹn ìpìlẹ̀ tó ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí yàrá púpọ̀ nínú agbo ilé ṣe wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí ẹ bá tẹ uname -r níta, tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, èsì kan náà ni ẹ ó rí. Nítorí náà, bí àléébù bá wà lára kernel, kò sí yàrá tó bọ́ níbẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó gba àtúnṣe tuntun sórí kọ̀ǹpútà gan-an, àní bí inú yàrá bá tiẹ̀ dára.

Wíwọlé

Kí ẹ tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn yàrá tó wà ní ṣíṣí. Lórí Docker, àṣẹ náà ni docker ps. Bí yàrá tí ẹ ń wá kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ docker ps -a, tó ń fi àwọn tó ti dúró hàn pẹ̀lú. Lórí LXC, ètò mìíràn tó ń dá yàrá sílẹ̀, lxc-ls --fancy ni. Lórí FreeBSD, jls ni. Ká ní yàrá tí ìwé gbèsè wà ń jẹ́ gbese. Ẹ ó tẹ èyí:

docker exec -it gbese bash

Bash ni ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá kọ. Lẹ́tà i ń jẹ́ kí ohun tí ẹ bá tẹ̀ máa wọ inú yàrá náà, lẹ́tà t sì ń ṣí ojú ìkọ̀wé fún yín. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, bash á ṣí, á sì pa dé lójú ẹsẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bí yàrá náà bá jẹ́ irú kékeré tí wọ́n fi Alpine kọ́, kì í sábà ní bash, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé òun kò rí i. Ẹ fi sh, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kékeré, rọ́pò bash, yóò ṣí.

Ní báyìí, ẹ tẹjú mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí ẹ ń kọ̀wé sí. Kí ẹ tó wọlé, ó lè rí báyìí:

alakoso@ofiisi:~$

Lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé, yóò yí padà:

root@9f2c41d07a3b:/#

Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá yẹn ni Docker fi ń dá yàrá mọ̀, òun ló sì máa ń hàn níbí, kódà bí yàrá náà bá ń jẹ́ gbese, àfi tí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá fi --hostname yan orúkọ mìíràn fún un. Àmì # túmọ̀ sí pé ẹ ti di root, ìyẹn òǹlò tí kò sí ohun tí kò lè pa rẹ́ nínú yàrá náà, nígbà tí àmì $ jẹ́ ti òǹlò lásán. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé mẹ́ta sójú kan náà, ojú lè ṣì yín, nítorí náà ẹ máa tẹ hostname kí ẹ lè mọ yàrá tí ẹ wà, àti whoami kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ jẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èyí ń gbà. Àṣẹ tó pa fáìlì rẹ́ nínú yàrá ìdánwò kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ kan náà nínú yàrá gbèsè, ẹ ó máa wá ohun tí ẹ máa sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Iléṣà, tí a mọ̀ mọ́ Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn tó sì ń gba owó rẹ̀ pé, kò gbọ́dọ̀ fi ìwé gbèsè ṣeré.

Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má wọlé bí root rárá. Bí òǹlò kan tó ń jẹ́ akowe bá wà nínú yàrá náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ wọlé:

docker exec -it -u akowe gbese bash

Lórí LXC, lxc-attach -n gbese ni ẹ ó lò, lórí FreeBSD, jexec gbese /bin/sh. Àwọn tó ń lo systemd-nspawn, ètò yàrá mìíràn, ní machinectl login gbese, tó máa ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, láti jáde níbẹ̀, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ sì tẹ ] lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Jíjáde láìpa iṣẹ́

Bí ẹ bá gba exec wọlé, ẹ tẹ exit, ojú ìkọ̀wé tí ẹ ṣí nìkan ni yóò pa dé, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Àmọ́ docker attach yàtọ̀. Kì í ṣí ojú ìkọ̀wé tuntun. Ó máa ń so yín mọ́ ètò àkọ́kọ́ tí yàrá náà tìtorí rẹ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti C níbẹ̀, ètò yẹn ni ẹ sọ fún pé kó dúró, bó bá sì dúró, gbogbo yàrá dúró. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì gba ibẹ̀ wọlé, ẹ fara balẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti P, lẹ́yìn náà Ctrl àti Q, bí ó bá jẹ́ pé pẹ̀lú i àti t ni wọ́n fi dá yàrá náà sílẹ̀, ẹ ó jáde láìba nǹkan jẹ́. Ní tiwa, exec ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo.

Bí iná bá fẹ́ lọ, tí inverter sì ti ń ké, ẹ tẹ docker stop gbese dípò kí ẹ kàn fa wáyà yọ. Docker á kọ́kọ́ sọ fún ètò náà pé kó palẹ̀ mọ́, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó tó fi agbára dá a dúró. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fi ssh, àṣẹ tí à ń fi wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní Iléṣà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ tmux, tó ń di ojú ìkọ̀wé mú ní ṣíṣí, kó tó wọ yàrá, kí iṣẹ́ má baà já bí nẹ́tíwọ̀kì bá já. Àṣẹ tmux attach ni yóò fi padà síbi tó dé.

Ohun tí ó ń sọnù, àti ẹni tó yẹ kó ní àṣẹ

Fáìlì tí ẹ kọ sínú yàrá Docker ń bá yàrá náà lọ ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá tẹ docker rm, àfi tí wọ́n bá gbé àpótí fáìlì náà sórí volume, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó wà níta yàrá. Ẹ tẹ docker inspect gbese, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mounts sí. Bí kò bá sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ pe ẹni tó ṣe ètò náà lónìí, kí ìkórè kòkó tó dé, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà síbòmíràn.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gbọ́ dáadáa nìyí: ẹni tí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ òǹlò tó ń jẹ́ docker ti ní agbára root lórí kọ̀ǹpútà gbogbo, kì í ṣe lórí yàrá kan, nítorí ó lè dá yàrá tuntun sílẹ̀ tó ń rí gbogbo fáìlì tó wà níta. Ẹ má fún ènìyàn púpọ̀, ẹ sì yọ orúkọ ẹni tó bá ti kúrò nípò.

Fún ilé tí fóònù Android nìkan wà, ìgbìyànjú ṣeé ṣe pẹ̀lú Termux, áàpù tó ń ṣí ojú ìlà àṣẹ lórí fóònù, tí ẹ lè gbà láti F-Droid, ibi tí à ń gba áàpù ọ̀fẹ́. Ẹ tẹ pkg install proot-distro, lẹ́yìn náà proot-distro install debian (Debian jẹ́ irú Linux kan), kí ẹ sì fi proot-distro login debian wọlé. Ó dára fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ àṣẹ Linux láìní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá tó ní odi gidi: ètò inú rẹ̀ ṣì lè rí fáìlì Termux níta, bí ẹ bá sì pa Termux rẹ́ lórí fóònù, ohun gbogbo tó wà nínú Debian náà bá a lọ. Ẹ má tọ́jú owó ẹgbẹ́ síbẹ̀.