Bí a ṣe ń wọn ìdọ̀tí òfurufú láti orí òkè kan ní Èkìtì

Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó epo rẹ̀ tán, sátẹ́láìtì tó ti kú àti àfọ́kù wọn kún òkè lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ń yípo ayé: ìdọ̀tí òfurufú tí mò ń sọ nìyẹn. Èyí tó tóbi nínú wọn, ojú lásán ń rí i. Ẹ lè dúró lórí òkè ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tàbí Ìkéré, kí ẹ sì ṣírò bó ṣe ga tó.

Oṣù Kọkànlá ló dára jù lójú tèmi: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku dé. Ẹ jáde láti bí aago méje alẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, àmọ́ oòrùn ṣì ń tàn sí wọn lára lókè. Ohun tó ń jẹ́ ká rí wọn nìyẹn.

Lórí Heavens-Above, ìkànnì tó ń sọ ìgbà tí wọn yóò kọjá lókè yín, ẹ fi 7.6 àríwá àti 5.2 ìlà-oòrùn sí ibi tí ẹ wà. R/B ni ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, DEB ni àfọ́kù. DEB kéré jù fún ojú, nítorí náà R/B tó máa gba òkè orí yín gan-an kọjá ni kí ẹ mú. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀run yóò da ìṣirò rú.

Bó bá ti yọ, ẹ na apá tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ìbú ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dígírì 10. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi kọjá láti etí ẹ̀ṣẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ wá fi 43 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye kìlómítà tó fi ga nìyẹn, torí pé bíi kìlómítà 7.5 ló ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àáyá 19 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 800. Ìdajì àáyá tí ẹ bá fi ṣì í kà tó kìlómítà 20, nítorí náà ẹ tún un ṣe lálẹ́ mìíràn. Tó bá ń tàn tó tún ń ṣú, ó ń ta òkìtì lọ ni. Ẹ ka àkókò ìyẹn náà.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò lórí CelesTrak, ìkànnì tó ń fi ìlà nọ́ńbà méjì ṣàpèjúwe ipa ọ̀nà ohun kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ìlà kejì ni iye ìgbà tó ń yípo ayé lóòjọ́. Ẹ fi pín 1440, iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ 14.3, yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 100.7, ìyẹn bíi kìlómítà 790. Ìṣẹ́jú kan tó bá lé tàbí tó bá dín jẹ́ bíi kìlómítà 47. Ibi gíga bíi kìlómítà 790 yẹn ni sátẹ́láìtì Iridium 33 àti Cosmos 2251 ti forí gbárí ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì, 2009.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà iye ìyípo lóòjọ́ yẹn sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: bí nọ́ńbà bá ń gòkè, nǹkan náà ń já bọ̀ ni, torí bó ṣe ń sún mọ́lẹ̀ ló ń yára sí i. Nígbà tí oòrùn bá ń ru, afẹ́fẹ́ òkè á wú, á sì tètè fà á wálẹ̀.

Láti ṣe àwòṣe ewu ìkọlù, ẹ ka iye àfọ́kù tó wà ní ìpele kìlómítà 50 kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín in fún ààyè inú ìpele náà. Ẹ fi èsì yẹn, ìwọ̀n ojú ara sátẹ́láìtì (gígùn rẹ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀), eré bíi kìlómítà 10 láàárín àáyá kan, àti iye àkókò sọ ara wọn di púpọ̀: ewu pé wọn yóò kọlu ara nìyẹn. Àwọn àwòṣe ńlá, ORDEM ti NASA àti MASTER ti ESA (àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù), tún ń fi wẹ́wẹ́ tí rédà kò lè tọpa lọ́kọ̀ọ̀kan kún un. Ẹ fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 tiwa bẹ̀rẹ̀, èyí tó gòkè ní 2003 sí bíi kìlómítà 686.