Bí A Ṣe Ń Dá Olú Morel Mọ̀ Nínú Igbó Amẹ́ríkà

Ẹ mú ọ̀bẹ dání bí ẹ bá ń lọ wá morel, nítorí pé wíwo ara rẹ̀ lóde kò tó. Olú yìí ni àwọn ará Mísọ́rì àti Míṣígàn ń wá kiri igbó nígbà ìrúwé, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Boyne City ní Míṣígàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Bí ooru ilẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 10 Celsius, tí òjò sì ti rọ̀, ó ti ń hù nìyẹn. Ìdí igi elm tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí kúrò lára, ló dára jù láti wò. Ó máa ń hù nínú oko ápù àtijọ́ náà, àmọ́ mi ò ní jẹ tibẹ̀: láyé àtijọ́, oògùn kòkòrò tó ní òjé àti májèlé arsenic ni wọ́n ń fín sírú oko bẹ́ẹ̀, olú sì lè fà á mu látinú ilẹ̀.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ wo orí rẹ̀. Olú tí a ń já nílé sábà máa ń là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ orí; ti morel kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ga sókè, ihò sì kún ara rẹ̀ bí afárá oyin. Ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀, torí òmíràn pọ́n rúsúrúsú, òmíràn dúdú, òmíràn rí bí eérú.

Ọ̀bẹ ló kàn. Ẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí. Inú morel ṣófo pátápátá, ihò kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, etí orí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé agbedeméjì orí ló ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Morel ni, àmọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ góńgó orí nìkan ló so mọ́ ẹsẹ̀, tí nǹkan funfun fúlẹ́fúlẹ́ wà nínú ẹsẹ̀, Verpa ni, ọ̀kan nínú àwọn olú tó jọ morel. Ẹ má jẹ ẹ́. Èyí tó léwu jù ni Gyromitra: orí rẹ̀ wúnjọ láìní ihò, ẹran sì dí inú rẹ̀ ní yàrá yàrá. Májèlé gyromitrin inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ti pa ènìyàn. Ẹ má rò pé sísè yóò lé e jáde. Tí iyèméjì bá wà, ẹ sọ ọ́ nù.

Morel gan-an kò ṣeé jẹ ní tútù. Lọ́dún 2023, ní ìlú Bozeman ní Montana, ènìyàn 51 ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹun nílé oúnjẹ kan tó ń fi morel tútù àti èyí tí kò jinná dáadáa sí oúnjẹ. Méjì nínú wọn kú. Torí náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sè é jinná dénú. Díẹ̀ ni kí ẹ jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mu ọtí sí i, kí ẹ sì fi ẹyọ kan tí ẹ kò sè sínú fíríìjì, kí dókítà lè rí i wò bí inú bá dàrú.